Ike Omi Méjì Lọ́jọ́ Ààwẹ̀

Òórùn eruku òkúta ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ilé ìwádìí wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Òkúta tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tí omi wá kán sí, máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ pa, èéfín ìléru àti èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á sì dà pọ̀ mọ́ ọn, á máa ta ènìyàn lọ́fun. Má rò pé irú ilé ìwádìí inú tẹlifíṣọ̀n ni o. Yàrá mélòó kan ni, ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀gá wa, tó kọ́kọ́ kọ́ fún ayálégbé kó tó yí ọkàn padà. Obìnrin tó ń ta páìpù omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbà pé ọṣẹ là ń ṣe níbẹ̀. Ó tilẹ̀ bi mí lẹ́ẹ̀kan rí pé ìgbà wo la máa tà fún òun. Mo rẹ́rìn-ín, n kò sì lè sọ fún un pé góòlù là ń wá, nítorí tí o bá sọ̀rọ̀ góòlù ní òpópónà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò á ti máa gbẹ́ ilẹ̀.

Olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìntì ni ọ̀gá wa. Ìgbà gbogbo ló máa ń lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, sí etí odò tí àwọn awakùsà ti ń fọ iyanrìn, tí yóò sì kó àpò iyanrìn bọ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà o. Èyí tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti dànù ló ń kó. Ohun tó ń dà á láàmú ni bóyá góòlù ṣì kù nínú ìdọ̀tí yẹn. Àwọn awakùsà ń fi mákúrì kó góòlù jọ, wọ́n á wá yan án lórí iná lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ, èéfín rẹ̀ á sì máa wọ inú ọmọ àti ìyá. Ọ̀gá gbà pé bí òun bá lè fi hàn wọ́n pé mákúrì ń fi ọ̀pọ̀ góòlù sílẹ̀ fún ẹrẹ̀, wọ́n á jáwọ́ nínú lílò ó. Àánú àwọn ènìyàn náà ń ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti mọ iye góòlù tó kù, sáyánáìdì ló gbọ́dọ̀ lò.

Ìwọ náà mọ omi ẹ̀gẹ́, èyí tó ń ṣàn lábẹ́ àpò gàrí tí wọ́n gbé òkúta lé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n á ní ká lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀, torí ewúrẹ́ tó bá mu ún yó kò ní dé ilé olówó rẹ̀. Oró inú omi yẹn gan-an ni, àfi pé tiwa ti kọjá ti ewúrẹ́. Góòlù tí kì í dípẹtà, tí iná kì í jó, a máa yọ́ wọ inú omi sáyánáìdì bí ṣúgà ṣe ń yọ́ sínú tíì, ojú kò sì ní rí i mọ́. A máa ń po sódà mọ́ ọn, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, kí oró náà má baà fò jáde bí afẹ́fẹ́. Bébà pupa pélébé kan tó ń di àwọ̀ aró bó bá ti kan sódà la fi ń mọ̀ pé sódà rẹ̀ tó. Bébà náà kì í wọ́n lápò wa. Wọ́n ní omi yìí máa ń rùn díẹ̀ bí ekuro inú èso igi furúùtù, ṣùgbọ́n imú ẹlòmíràn kì í gbọ́ ọ rárá. Ohun tó ń já mi láyà jù ni bó ṣe mọ́ tó. Májèlé tó dúdú, tó ń rùn, èèyàn á sá fún un; èyí mọ́ ju omi kànga ilé tí mo ń gbé ní Ìgàndó lọ.

Àǹtí ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun ló ń bójú tó ìléru, níbi tí a ti ń fi òjé yọ́ òkúta lílọ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi jóná tán, tí á ku ẹyọ góòlù kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Opó ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Èmi ni ojo ibẹ̀. Mo máa ń wọ ibọ̀wọ́ méjì lé ara wọn, mo máa ń fọ ọwọ́ títí awọ á fi wú, Àǹtí á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìwọ yìí,” á ní, “tí wọ́n bá ní kó o wá jogún, ibọ̀wọ́ lo máa kọ́kọ́ wọ̀.”

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, títí kan ọ̀gá. Ṣùgbọ́n Àǹtí yìí náà ni ẹni tí imú rẹ̀ kì í gbọ́ òórùn sáyánáìdì. Ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé òun kì í jẹ ilá.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Àǹtí ń gba ààwẹ̀. Ìjẹ̀gùn ló ń gbé, ìjọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀, wọ́n sì ní àṣà kan tí n kò rí ní ìjọ mìíràn. Láti ilé ni oníkálùkù á ti gbé ike omi kan dání, á máa gbé e kiri lọ sí ibikíbi tó bá ń lọ lọ́jọ́ náà, kò sì ní fẹnu kàn án. Wọ́n máa ń bó bébà ara ike náà dànù, kí ohunkóhun má bàa bo omi náà lójú Ọlọ́run. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, pásítọ̀ á gbàdúrà, gbogbo ìjọ á gbé omi sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì dà á sọ́fun láìdánu dúró. Wọn kì í tọ́ ọ wò. Àǹtí ní ẹni tó bá ń tọ́ ọ wò ń ṣiyèméjì ni. Orí tábìlì ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló máa ń gbé tirẹ̀ sí, kó má baà gbàgbé rẹ̀ tó bá ń lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí, ìgò tí a ń kó omi ìwádìí sí ti tán. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá kan ní ilé ìwádìí ńlá kan ní Ìkẹjà ti gbà láti fi ẹ̀rọ wọn ka góòlù inú omi wa lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀gá kò sì fẹ́ kí àǹfààní náà bọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti wá ike omi kan, ó bó bébà ara rẹ̀, ó da omi sáyánáìdì sí i, ó lẹ sélótéèpù tó kọ nǹkan sí mọ́ ọn, ó sì kì í bọ fìríìjì. Nígbà tó gbé e jáde sórí tábìlì láàárọ̀, ike náà ń làágùn, sélótéèpù sì yọ́ kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn la tó so gbogbo èyí pọ̀. Nígbà tí ọlọ́kadà tó ń bá wa gbé ẹrù dé, ọ̀gá nahùn láti yàrá kejì pé, “Ó wà lórí tábìlì, ẹ̀bá ilẹ̀kùn.” Ọlọ́kadà mú èyí tọ́wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ọ̀sán pọ́n, Àǹtí jáde láti ìdí ìléru, ooru ti mú un, gọ́gù rẹ̀ wà níwájú orí. Ó rí ike omi kan lórí tábìlì. Ó jù ú sínú báàgì, ó ní ó dàárọ̀ o, ó ń lọ síbi ìpàdé àdúrà.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Ìkẹjà pe ọ̀gá. Mò ń fọ ìkòkò kéékèèké lọ́wọ́, mo sì ń gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

“Prọ́fẹ́sọ̀, omi lásán lẹ fi ránṣẹ́. Kò sí góòlù kankan níbẹ̀, kódà bíńtín.”

Ọ̀gá jókòó. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, torí mo mọ gbogbo òjò tó ti pa á létí odò wọ̀nyẹn. Ó ní bóyá òun ti ń tan ara òun jẹ láti ọjọ́ yìí. Ó ní bóyá mákúrì ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Èmi náà ti fẹ́ máa bá a kẹ́dùn nígbà tí nǹkan kan tutù wọ̀ mí láti àtàrí dé ẹsẹ̀.

“Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n bóyá sódà wà nínú rẹ̀.”

Ó bi wọ́n. Wọ́n ní rárá, bí omi mímu ló rí.

Ọ̀rẹ́ mi, góòlù lè má sí nínú iyanrìn. Ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn wà. Ṣùgbọ́n sódà, ọwọ́ ara wa la fi dà á sí i, kò sì ní ẹsẹ̀ tó máa fi rìn jáde. Mo yíjú wo tábìlì. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, mo sì rí sélótéèpù kan tó ká jọ nínú eruku, tí ìkọ̀wé ọ̀gá ṣì wà lára rẹ̀. Mo kàn gbé e sókè fún un. Ọ̀gá wò ó, ó wo tábìlì, ó sì wò mí.

“Ààwẹ̀,” ó wí nígbẹ̀yìn. “Ó ń gbààwẹ̀ lónìí.”

Ó pè é. Fóònù ti kú. Wọ́n máa ń pa fóònù kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ń pè, ó ń pè. A kò ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni mìíràn nínú ìjọ náà. Ọkọ̀ ọ̀gá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo sọ fún un pé mo ti dé ibẹ̀ rí, mo sì ti sáré jáde kó tó dáhùn, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun ilé ìwádìí lọ́rùn mi àti ìbomú tó rọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n mi.

N kò lè ṣàlàyé ẹ̀rù ọ̀nà yẹn tán. Mo rí ọlọ́kadà kan ní ìyànà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni láti ẹnu rẹ̀. Mo ní Ìjẹ̀gùn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ sáré.

“Ṣé owó lẹ̀ ń lé ni, àbí ẹ̀mí?”

“Ẹ̀mí ni.”

Kò tún bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó gba Ìdímù kọjá, ó ń yọ láàárín ọkọ̀, orúnkún mi ń ha ara kẹ̀kẹ́ Márúwá, n kò sì gbọ́ ìrora. Ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀rù aláìmọ̀kan fúyẹ́, torí kò mọ ohun tó ń bọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n fínnífínní. Mo mọ̀ pé nínú ikùn ni oró yẹn ti máa ń tú sílẹ̀ jù, pàápàá ikùn tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu méjì ti tó. Mo mọ̀ pé imú Àǹtí kò ní kì í nílọ̀. Ní Ìkòtún, níbi tí èrò ti pọ̀ jù, mo rí i tí àwọn ọkùnrin kan ń tẹ́ ẹní ìrun, tí wọ́n ń bu omi ṣe àlùwàlá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí omi lásán. Mo ń ronú nípa ọmọ Àǹtí. Mo ń ronú bí màá ṣe sọ ọ́ fún un.

Nígbà tí a wọ Ìjẹ̀gùn, ọ̀nà ti di odò. Òjò àná ló dá a sílẹ̀, ọlọ́kadà sì ní ẹ́ńjìnì òun máa kú síbẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo sì ń sáré nínú ẹrẹ̀, mo ń pariwo, “Ẹ má mu ún o! Ẹ má mu ún!” kí n tó dé ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbọ́ mi. Mo fẹ́ kó o fojú inú wo ohun tí àwọn ará àdúgbò rí: obìnrin kan nínú ẹ̀wù funfun, tó fi ìbomú kọ́ ọrùn, tó ń sáré láìwọ bàtà, tó ń ké ohun tí kò yé wọn, ní àdúgbò tí páìpù epo gba abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìjẹ̀gùn mọ ohun tí iná páìpù yẹn fojú wọn rí nígbà kan. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Obìnrin kan tó ń dín àkàrà ló kọ́kọ́ dìde. “Páìpù ti bẹ́!” ló wí, ó sì da omi pa iná ìdí agbada rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni igbe gba àdúgbò. “Ẹ pa iná! Ẹ pa jẹ́ǹ yín!” Wọn kò kọ́kọ́ sáré, jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, iná ni wọ́n kọ́kọ́ pa, láti ojúlé dé ojúlé, bí ohun tí wọ́n ti kọ́ ara wọn. Jẹnẹrétọ̀ ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú mi títí gbogbo òpópónà fi dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé ọmọ wọn, tí wọ́n sá. Mo ń ké pé kì í ṣe iná, kì í ṣe páìpù, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Wọ́n ń kọlù mí bí wọ́n ṣe ń sá bọ̀, èmi nìkan ló sì kọjú sí ibi tí gbogbo ayé ń sá fún.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà ní ìparí àdúgbò. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn ti kú pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Pásítọ̀ ti ń bá àdúrà ìṣínu bọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún mi, gbogbo ìjọ ti gbé omi sókè, ó ku kó ṣe àmín, ohùn rẹ̀ sì já. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni igbe “iná” wọlé. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń tú jáde, mo sì rí Àǹtí láàárín wọn, ó gbé ọmọ ọlọ́mọ kan sí ìbàdí. Mo di aṣọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì.

“Ẹ ti mu ún? Àǹtí, ẹ ti mu ún?”

“Mu kí ni? Kí lo wá ṣe níbí? Sáré, jàre!”

“Omi yín!”

“Ó wà nínú ilé. Iná ń bọ̀, ò ń bèèrè omi!”

Mo fi í sílẹ̀, mo wọlé. Ó gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀, ó ń pè mí, ó ń tẹ̀ lé mi. Àga ti dojú dé káàkiri, ike omi tó ti dànù sì wà nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan kù nínú ilé náà. Màmá arúgbó kan ló jókòó ní ìlà ìwájú, ọ̀pá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ike omi kan wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dé ìdajì.

“Màmá, ike ta lẹ mu yẹn?”

“Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè sáré, ọmọ mi,” ó dá mi lóhùn, ara rẹ̀ balẹ̀. “Mo ní bó bá jẹ́ iná ni, kí n kúkú ṣínu. Tèmi ni àbí ti Àǹtí yín tó jókòó síbí, mi ò mọ̀. Omi àdúrà ṣáà ni gbogbo ẹ̀.”

N kò tíì mọ ẹ̀rù títí di ìṣẹ́jú yẹn. Èmi ni mo sáré tí àdúgbò fi sá; àdúgbò sá, Àǹtí kò sì mu ún; àbí màmá yìí ló wá mu ún nípò rẹ̀? Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń wo ètè rẹ̀, mo ń wo bó ṣe ń mí. Mo ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù mi, mo fa bébà pupa kan yọ, ó já bọ́ sínú omi ilẹ̀. Mo fa òmíràn yọ. Mo gba ike ọwọ́ màmá, mo sì ti bébà náà bọ inú rẹ̀.

Pupa ló wà. Mo dúró. Mo tún dúró. Pupa náà ló wà.

Mo mú èkejì, mo ki bébà mìíràn bọ ìyẹn tó wà lórí àga. Bó ti kan omi ló di aró, ó dúdú dé ibi tí mo fi ìka mú.

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan fún Àǹtí tó nítumọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo bébà náà, bébà tó ti kì bọ omi kan náà lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbọ́ tí àga kan yẹ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo fi máa yíjú, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi tó dànù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí, ó ń gbọ̀n. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Mo dé ike náà mọ́ pinpin, mo fi ẹ̀wù funfun mi wé e, mo sì gbé e mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tó lè já bọ́.

Àwọn ènìyàn ti ń padà. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí iná, ẹ̀rù wọn di ìbínú, ó sì ní ìdí. Agbada ẹni kan ti dojú dé, ojúgun ẹlòmíràn ti bó, ọkùnrin kan ń béèrè ẹni tó parọ́ iná kí òun kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Wọ́n ti yí mi ká nígbà tí Àǹtí dìde, tí aṣọ rẹ̀ ń kán tótó.

“Ọmọ mi ni,” ó wí. “Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ká ní kò sáré ni, òkú mi lẹ̀ bá máa gbé lálẹ́ yìí.”

Pásítọ̀ ní kí wọ́n da gbogbo ike tó kù nílẹ̀ nù, títí kan tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jiyàn.

Ọ̀gá dé nínú kẹ̀kẹ́ kó tó ṣú, sòkòtò rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Bó ṣe rí Àǹtí tó jókòó síta, tó ń mí, ó ṣí fìlà rẹ̀. Kò bèèrè góòlù. Ó gba ike náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e padà sí Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì fi bílíìṣì pa oró rẹ̀ láìka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ mọ iye tó bá jáde láti inú ike yẹn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ló tún ṣe òmíràn, nínú ìgò gidi, ẹ̀rọ sì rí góòlù níbẹ̀. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pariwo bí a ṣe rò pé yóò pariwo.

Àǹtí kò tíì ṣínu lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ẹnìkan gbé píọ̀ wọ́tà wá fún un, inú báàgì ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já níṣojú wa ló ti mú un. Ó gbà á, ó wò ó, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó tún gbé e. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ débi pé ètè rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó pẹ́, ó nà án sí mi.

“Kọ́kọ́ mu ún kí n rí i.”

Mo fi eyín já igun rẹ̀. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé èmi náà bẹ̀rù, èmi tí mo mọ̀ dájú pé omi lásán ni. Mo fipá gbé e mì. Àǹtí ń wo ojú mi bí a ṣe máa ń wo bébà. Lẹ́yìn náà ló gba èyí tó kù lọ́wọ́ mi, ó sì mu ún ní díẹ̀díẹ̀.

Mo ti di olùkọ́ báyìí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń yọ góòlù lára òkúta. Tí wọ́n bá bi mí bóyá ẹ̀rù sáyánáìdì ṣì ń bà mí, mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn. Ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, a ti mọ nǹkan náà débi pé a lè bù ú sínú ike omi mímu. Ní Ìjẹ̀gùn, wọn kò mọ̀ ọ́n rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì mọ bí a ṣe ń bẹ̀rù, ìyẹn ló sì yọ Àǹtí.

Mo máa ń lọ kí i. Láàárín àwa Yorùbá, onílé ló ń kọ́kọ́ tọ́ omi wò kó tó gbé e fún àlejò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ní ilé Àǹtí, á gbé omi wá, á gbé e lé mi lọ́wọ́, èmi àlejò á mu díẹ̀, á wo ojú mi, òun náà á wá mu. Ọmọ rẹ̀ rò pé eré la máa ń ṣe. Ìbẹ̀rù yẹn kò tíì tán lára wa, n kò sì gbàdúrà kó tán.